Nítorí Albert, Mo Yí Ọ̀rọ̀ Àwọn Àgbẹ̀ Ẹlẹ́pà Padà

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí oúnjẹ bá wà níwájú yín, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi yìí. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe ìtàn òkú. Àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, itọ́ á kún mi lẹ́nu, inú mi á máa rú bí ẹni tó gbé eṣinṣin mì.

Fúnlọ́lá ni orúkọ mi. Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ìyá mi sì ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní France Road. Yorùbá là ń sọ nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Haúsá ni mo fi ṣeré ní kékeré, òun náà ni mo fi ń lálàá. Mo kàwé, mo sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

Àwọn èdè yìí ni mo fi ṣìkà.

Ní ọdún 1961, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Matilda Adékọ̀yà ti yunifásítì wá sí Kánò. Iṣẹ́ ìwádìí ló bá wá, ó sì ń wá ọmọbìnrin tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ fún un. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló dárúkọ mi.

"Fúnlọ́lá," ó wí fún mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, "mo ti ka àkọsílẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ lórí iye owó ẹ̀pà láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Kánò. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kéde iye tí wọn ó máa rà á. Iye yẹn wà nínú ìwé. Ṣé òun náà ló ń dé ọwọ́ àgbẹ̀? Bí kò bá dé ibẹ̀, ta ló ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà?"

Ó ní obìnrin ni òun nílò nítorí pé àwọn obìnrin abúlé náà ní ẹ̀pà tiwọn, ọkùnrin àjèjì kò sì lè wọ inú ilé tọ̀ wọ́n lọ.

"Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí o sọ fún mi. Má fi iyọ̀ sí i, má sì bu omi là á."

"Ó yé mi, Mà."

Ohun tí n kò sọ fún un ni pé mo mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Òun ló fẹ́ fi mí ṣaya.

Albert ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ akọ̀wé fún ọ̀gá kan tó gba ìwé àṣẹ láti máa ra ẹ̀pà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Bí àkókò ìkórè bá ti tó, abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Gidan Aduwa ló máa ń wà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wọn ẹ̀pà. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ó ti dé Sabon Gari, ó ti wọ ṣòkòtò funfun, ó ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Kì í wá lọ́wọ́ òfo. Agolo òróró ẹ̀pà ló máa ń gbé fún ìyá mi, ìyá mi a sì máa gbàdúrà fún un títí ẹnu rẹ̀ á fi rẹ̀ ẹ́.

Kí Ìyáàfin Adékọ̀yà tó dé, mo ti lọ kí Albert rí ní Gidan Aduwa. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tú ká, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n ń gbé àpò ẹ̀pà lé.

"Tẹ̀ ba, kí o wo ọgbọ́n," ó wí.

Ó ti fi wáyà so irin kan mọ́ ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n náà, níbi tí ojú àgbẹ̀ kò lè tó láéláé. Bí àpò ẹ̀pà bá wúwo tó báyìí, òṣùwọ̀n á ní kò wúwo tó bẹ́ẹ̀.

"Àfikún wà lórí ìyẹn," ó ń yangàn. "Nígbà òjò, tí àká wọn bá ti gbẹ, mo máa ń yá wọn ní ọkà jéró. Bó bá di ìkórè, ẹ̀pà ni wọ́n máa fi san án, iye tó bá wù mí ni mo sì máa gbà á. Mo kàn máa ní ìjọba ti já a wálẹ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ bi?"

Lẹ́yìn náà ló wá ń sín ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Delu jẹ. Opó ni Delu, oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lòun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ro. Albert tẹ ẹ̀yìn ba, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó fi ohùn arúgbó sọ pé, "Don Allah, jọ̀ọ́, Malam Albert, tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀pà mi jù báyìí lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ti ríṣẹ́ ògbufọ̀, tí mo sì ṣàlàyé iṣẹ́ náà, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi ni, ó ń jẹun nílé oúnjẹ ìyá mi.

"Ṣé Gidan Aduwa wà nínú ibi tí ẹ máa dé?"

"Ó wà níbẹ̀."

Ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ìyá mi wà nítòsí. "Fúnlọ́lá, ìyáàfin yẹn kò gbọ́ Haúsá. Àwọn yẹn kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ nìkan lo wà láàárín. Ta ló máa mọ ohun tí o sọ?"

"Bùrọ̀dá Albert, wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti sọ òótọ́ ni."

"Èmi ńkọ́? Wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa fi ebi pa ara mi? Yàrá méjì tí mo lọ gbà fún wa, tó ní iná mànàmáná, ṣé o rò pé owó oṣù akọ̀wé ló gbà á? Bẹ́ẹ̀dì onísípírínì tí mo ti sanwó rẹ̀ ńkọ́? Bí ìyáàfin yẹn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ. Ṣé o fẹ́ wá máa gbé abọ́ wá fún mi lẹ́wọ̀n?"

Mo mú ṣíbí tó bọ́ nílẹ̀, mo ń nù ún.

"Mi ò ní kí o purọ́," ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Dín in kù díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ará oko máa ń pọ̀ jù náà ni."

Ẹ bi mí ní ohun tí mo rò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá arúgbó yẹn kọ́ ni mo rò. Bẹ́ẹ̀dì ni. Mo rò bí yóò ṣe máa gbé mi sókè sódò bí mo bá jókòó lé e, àti ojú tí àwọn ọ̀rẹ́ mi yóò fi wò ó. Nítorí bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣe ta odindi abúlé kan.

A dé Gidan Aduwa. Ilé Delu la kọ́kọ́ wọ̀. Ó tẹ́ ẹní fún wa, ó bu fura sínú igbá, ó da wàrà lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Mu, ọmọ mi," ó wí. "Oòrùn ti pa yín."

Mo mu ún tán. Ó dùn.

Ìyáàfin Adékọ̀yà ní kí n bi í bí títa ẹ̀pà rẹ̀ ṣe lọ. Ojú Delu tàn. Ó sún mọ́ mi, ó dì mí lápá.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run ló rán yín wá. Sọ fún un pé olè ni òṣùwọ̀n ọmọkùnrin yẹn. Mo ti ń kórè ẹ̀pà láti kékeré, apá mi mọ bí àpò ṣe ń wúwo. Sọ fún un pé ó yá mi ní jéró nígbà ebi, ó sì fi gba ìdajì ẹ̀pà oko mi. Ó ní ìjọba ti já iye rẹ̀ wálẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí ìjọba dá wa lóhùn. Bó bá jẹ́ ìjọba ló já a, a ó gbà. Bí kì í bá ṣe ìjọba, kí wọ́n gbà wá."

Ìyáàfin Adékọ̀yà ti mú gègé dání. "Kí ló sọ?"

Ọwọ́ ìyá náà ṣì wà ní apá mi.

"Ó ní iye tí ìjọba kéde lòun ń gbà, Mà. Ó ní òun dúpẹ́."

Ó gbójú sókè wò mí. "Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, Mà. Wọ́n á kí èèyàn lọ títí kí wọ́n tó débi ọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Delu náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé inú ìyáàfin náà dùn láti gbọ́ ẹjọ́ òun. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àwa mẹ́ta, ìbá dára kí n lè bì í jáde.

Láti ilé dé ilé la lọ ní abúlé náà. Ilé àkọ́kọ́ ló le. Nígbà tó yá, irọ́ náà ń yọ̀ bọ́ lẹ́nu mi bí ẹni ń kàwé.

N kò mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ náà ti fẹjọ́ òṣùwọ̀n sun Dagaci, baálẹ̀ wọn, ó sì ti gbé e dé ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kánò. Nígbà tí àwọn ará ọ́fíìsì náà gbọ́ pé olùwádìí kan ti dé Gidan Aduwa, wọ́n bi í ní ohun tó gbọ́ níbẹ̀.

"Nínú gbogbo abúlé tí mo dé," Ìyáàfin Adékọ̀yà dá wọn lóhùn, "ibẹ̀ ni inú àwọn àgbẹ̀ ti dùn jù."

Bí wọ́n ṣe pa ẹjọ́ náà tì nìyẹn.

Nígbà tí Albert gbọ́, ó gbé mi yípo nínú yàrá. "Orí ìyàwó mi pé!" Láti ọjọ́ náà ni kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, ó sọ èlé jéró di ìlọ́po méjì. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan, ẹ̀pà tó fi pamọ́ láti gbìn ni Albert ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ èyí fún mi pẹ̀lú ìgbéraga, ó ń fi igi ta ẹran tó há sí i léyín.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ti ń kó mi nírìíra nígbà náà. Síbẹ̀, mo ń ka oṣù ìgbéyàwó.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi rán mi lọ sí Bompai nínú Kánò lọ gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rù kan. Ní ẹnu géètì, níbi tí lọ́rì ti ń já ẹ̀pà, àwọn obìnrin kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń fi ajọ̀ jọ yanrìn, wọ́n ń ṣa ẹ̀pà tó dà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó nu ọwọ́ sí aṣọ, ó ń bọ̀ wá bá mi. Ìyàwó ọmọ Delu ni, mo ti rí i nílé wọn.

"Sannu, ọmọ ìyá mi!" Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. "Ìwọ lo mú ọ̀rọ̀ wa lọ fún ìjọba. Ìyá ń dúró. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí, ṣé èsì ti dé?"

"Kí lò ń ṣe níbí?" Òun ni mo rí sọ.

"A kò rí ẹ̀pà gbìn lọ́dún yìí. Mo wá ń ṣa èyí. Èsì náà ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀," mo wí.

"Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san rere." Ó wúre fún mi nínú eruku yẹn. Mo gbé igbá oúnjẹ mi, mo sá.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni Ìyáàfin Adékọ̀yà ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun ti ń parí iṣẹ́, òun sì fẹ́ padà lọ sọ ohun tí òun rí fún àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, nítorí kò yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn kí a má padà wá. Gidan Aduwa ló fẹ́ kọ́kọ́ lọ.

Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó gbé ọkọ̀ wá sí Railway Quarters, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, níwájú ilé wa, ó fún mi ní oògùn orí fífọ́, ó dúró tì mí títí mo fi gbé e mì. Mo wọ ọkọ̀.

Ọkùnrin kan jókòó níwájú ọkọ̀ náà. Malam Danladi ni orúkọ rẹ̀, láti ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀. Ó gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà yẹn ni orí wá fọ́ mi lóòótọ́.

Àwọn àgbẹ̀ ti péjọ síwájú ilé Dagaci, ọkùnrin lápá kan, àwọn ìyá àgbà lápá kejì. Òṣùwọ̀n Albert wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun fúnra rẹ̀ dúró tì í. Ó ṣẹ́jú sí mi.

Mo dìde láti ṣe ògbufọ̀. Malam Danladi ní, "Jókòó, orí ń fọ́ ọ. Èmi á sọ ọ́ fún wọn."

Ìyáàfin Adékọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní gẹ̀ẹ́sì. Malam Danladi sọ ọ́ ní Haúsá pé, "Ìyá yìí ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó ní ẹ sọ fún òun pé iye tí ìjọba kéde lẹ̀ ń gbà. Ẹ ní òṣùwọ̀n dára. Ẹ ní ẹnikẹ́ni kò rẹ́ yín jẹ."

Bàbá arúgbó kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yípadà di ikọ́.

Delu dìde. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni," Malam Danladi dáhùn.

"Èmi?" Ó ń wá mi kiri pẹ̀lú ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́, títí ó fi rí mi. Ó na ìka. "Ìwọ. Ìwọ tó mu fura nílé mi. Kí ni mo ní kí o sọ?"

Gbogbo orí yí sí mi. Ìyáàfin Adékọ̀yà náà yí sí mi. "Fúnlọ́lá, kí ni màmá yẹn ń sọ?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo bí irọ́ ti di bárakú. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀.

"Ó ní... ó ní wọ́n ń kí yín káàbọ̀, Mà."

Malam Danladi wò mí bí ẹni tó tẹ ìgbẹ́ mọ́lẹ̀. "Madam," ó wí fún un, "ohun tó sọ kọ́ nìyẹn." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ojú ìyáàfin náà kò le. Ìyẹn ló burú. Ńṣe ló ń wò mí bí ẹni pé kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Dagaci pe Albert. "Ṣé ìwọ lo rán ọmọbìnrin yìí?"

"Èmi?" Albert fi Haúsá dáhùn kíá. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ obìnrin tí mo máa ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bó bá purọ́, òun àti ẹni tó bí i ni kí ẹ bi. Irú àwọn ọmọbìnrin Sabon Gari wọ̀nyẹn, ẹ mọ̀ wọ́n."

Nǹkan kan já nínú mi.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n," mo pariwo. "Ó fi wáyà so irin mọ́ ọn!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí. Kì í ṣe òtítọ́ ló là mí lẹ́nu, ìbínú ni. Ká ní ó ní òun mọ̀ mí, ká ní ó dì mí lọ́wọ́ mú, ǹ bá tún pa irọ́ mìíràn. Mo mọ ara mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí ara mi lára.

Wọ́n dojú òṣùwọ̀n dé. Irin náà wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Àwọn àgbẹ̀ náà kàn ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ díwọ̀n bí ó ti wúwo tó. Nígbà tó kan Delu, ó gbé e dání pẹ́ títí.

Ọlọ́pàá mú Albert, ó sì wà lẹ́wọ̀n títí di òní. Èmi, ọlọ́pàá kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Nígbà tí ọkọ̀ dé ojú ilé wa, Ìyáàfin Adékọ̀yà yíjú sí mi.

"Fúnlọ́lá, gbogbo abúlé tí a jọ dé, èwo ló jẹ́ òótọ́?"

"Gidan Aduwa nìkan ni mo ti purọ́, Mà. Mo fi Ọlọ́run búra. Àwọn yòókù, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ó da iṣẹ́ náà nù látòkè délẹ̀, ó lọ wá ògbufọ̀ mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti abúlé àkọ́kọ́.

Ìyá mi gbọ́ ohun gbogbo lẹ́nu mi. Kò nà mí. Ó gbé àwọn agolo òróró jáde, ó dà wọ́n sínú gọ́tà. "Òun ni mo ń fi dín ẹja fún àwọn ọmọ ènìyàn," ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, ó ń nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ náà kò ní mọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tó ń ka èyí, ọkùnrin tó bá ń fi arúgbó tó ń rẹ́ jẹ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú yín, ẹ má bá a rẹ́rìn-ín. Ibi ẹ̀rín yẹn ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyá mi mú mi lọ bẹ Delu. Mo kúnlẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ ní Haúsá, gbogbo Haúsá dídùn tí mo mọ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè.

"Kó sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀," ó wí fún ìyá mi. "Ìwọ ni kí o sọ fún mi ohun tó wí."

Haúsá ìyá mi, Haúsá títa ìrẹsì ni. Kò ju kí ó bèèrè iye ṣíbí tí oníbàárà fẹ́. Síbẹ̀, mo sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe. Mo ní mo purọ́ nítorí bẹ́ẹ̀dì. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe bẹ́ẹ̀dì onísípírínì ní Haúsá. Ó dùbúlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó gbé ara sókè sódò, kí ìyá náà lè mọ ohun tí ọmọ òun tìtorí rẹ̀ tà á. Mo ní mo rẹ́rìn-ín nígbà tí Albert ń sín in jẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìyá mi fo ìyẹn. Kò fò ó.

Delu gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló sọ gbólóhùn kan péré, ó dìde, ó wọlé.

Mo gbọ́ ọ, Haúsá ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi yíjú sí mi, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ tí èmi kò lè ṣe.

"Ó ní òun ti gbọ́," ó wí. "Kò sọ pé òun ti dárí jì ọ́."